Ẹni Tí Ó Sùn Lábẹ́ Símẹ́ǹtì

1.

…tí wọ́n sì fi igi kọ ọ̀rọ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù náà: SÙN RE, BÀBÁ GBÁDÉYAN, ONÍLẸ̀ YÌÍ.

Àríkẹ́ dúró tì í, agbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ó ti lo ọjọ́ díẹ̀ ní Araromi-Obu, níbi tó ti lọ bá wọn ká kòkó. Nígbà tó ń lọ, koríko ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka tẹ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ìka náà rì wọlé.

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n kọ. Nítorí ibi tí wọ́n gbé e sí ni.


2.

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní oríta Ore, lọ́dún 1964)

Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ìgbìmọ̀ Ìpín-Ilẹ̀ Oríta fẹ́ pín ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tuntun fún ilé epo àti ilé ìtajà. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀, kó mú ẹ̀rí wá. Ibojì baba ẹni jẹ́ ẹ̀rí.

Olúfúnṣọ́ Gbádéyan, Kánsílọ̀
Alága Ìgbìmọ̀


3.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n:

ÀRÍKẸ́. Opó, ará Ìwó. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló sọ igbó yẹn di oko kòkó.

GÀZÁLÌ. Ọkọ rẹ̀. Ó kú lọ́dún tí a gba òmìnira. Gbogbo abúlé mọ̀ pé mọ́tò gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ìwó.

BÀBÁ FÁDÁRE. Ọmọ Ìkálẹ̀, àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ.

MÀMÁ MAGDALENE. Ìyá àdúrà. Aṣọ rẹ̀ funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

GBÁDÉYAN. Kánsílọ̀. Alága. Bàbá Ìjọ ní ilé àdúrà Màmá Magdalene. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n àga tó jókòó lé pọ̀.


4.

Àdéhùn tí Bàbá Fádáre bá Gàzálì ṣe, lẹ́nu, lójú ẹlẹ́rìí:

Gbin kòkó.
Kọ́ ilé.
Mú ìṣákọ́lẹ̀ wá bí ọdún bá yí.
Má sin òkú síbẹ̀. Àlejò tó bá sin òkú sórí ilẹ̀ wa, ó fẹ́ gba ilẹ̀ náà ni. Ọjọ́ tí a bá mọ̀ ni yóò kó ẹrù rẹ̀.


5.

Mọ́tò kankan kò gbé e lọ sí Ìwó.


6.

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Àwọn awakọ̀ tí Àríkẹ́ bẹ̀ ní òkú yóò ba ọjà àwọn jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Odigbo, tí abúlé dá páropáro, ó mú ọkọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ro oko, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Gàzálì ti sọ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun: lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ojú kọ ìlà oòrùn, kí a má fi òun sínú pósí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe é. Àdúrà tó mọ̀ nínú ti ọkọ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ka èyí tó mọ̀, ó tún un kà.

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sunkún.

[Ẹ pa ìlà yẹn rẹ́. Kò ráyè sunkún. Ó wẹ ọwọ́, ó pàdé àwọn ará ọjà lọ́nà, ó sì sọ fún wọn pé mọ́tò ti gbé e lọ.]


7.

Ní ilé àdúrà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e:

MAGDALENE: Ẹ̀mí fi ọkùnrin kan hàn mí. Ó dúró lẹ́yìn rẹ, kò sọ̀rọ̀.

ÀRÍKẸ́: Màmá, ẹ gbà mí.

MAGDALENE: Níbo ló wà, ọmọ mi? A ó wọ́n omi àdúrà síbẹ̀, yóò sì sinmi.

Àríkẹ́ mú un lọ. Màmá tan àbẹ́là sórí koríko, ó kúnlẹ̀, ó pe Gàzálì lórúkọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ara Àríkẹ́ fúyẹ́. Ó ṣeni láàánú, ó sì bíni nínú, bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ lọ́jọ́ náà.


8.

Láti inú ìwé kọ́ọ̀tù:

FÁDÁRE: Olúwa mi, torí ilẹ̀ wa ni mo ṣe pe Kánsílọ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò ní baba níbẹ̀. Kò sí ibojì lórí ilẹ̀ wa rí.

GBÁDÉYAN: Olúwa mi, díákónì ni baba mi. Pósí dáadáa ni wọ́n fi sin ín, kí ọ̀nà tó dé ibí. Mo kàn tún ojú rẹ̀ ṣe ni. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, kí wọ́n wú u.

FÁDÁRE: Kí wọ́n wú u.

ADÁJỌ́: Ẹ lọ wú u.

(Bàbá Fádáre rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbádéyan náà rẹ́rìn-ín. Àríkẹ́ jókòó lẹ́yìn, ó di etí àga mú.)


9.

Ohun tí akọ̀wé kọ: *A wú u. A rí egungun ènìyàn kan. Ọ̀rọ̀ Kánsílọ̀ jọ òtítọ́.*

Ohun tí àwọn méjì tó wú u sọ nídìí ẹmu:

— Kò sí pósí.
— Kò sí ìṣó kan pàápàá.
— Ó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Ojú rẹ̀ kọ ìlà oòrùn.
— Ṣé bí wọ́n ṣe ń sin díákónì nìyẹn?
— Bu ẹmu fún mi, jọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ Kánsílọ̀ la ti ń gba iṣẹ́.


10.

Gbádéyan sunkún nígbà tí wọ́n kó egungun náà jáde. Ó sun ún dáadáa. Ó yọ áńkáṣíìfù. Àwọn obìnrin ìjọ bá a sun ún. Ká má parọ́ mọ́ ọn, omijé gidi ni. Ilẹ̀ tó gba ilé epo tó ènìyàn sunkún fún.


11.

Lẹ́yìn ilé Àríkẹ́:

MAGDALENE: Bàbá Ìjọ ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní bó o bá dákẹ́, ilé rẹ ò ní wó. Wọ́n á fi oko tó kù sílẹ̀ fún ẹ.

ÀRÍKẸ́: Ẹ̀yin lẹ sọ fún un.

MAGDALENE: Ibi méjì ni wọ́n ti lé ìjọ wa kúrò. Bàbá Ìjọ ti fún wa nílẹ̀ báyìí, lójú títì.

ÀRÍKẸ́: Ẹ̀yin lẹ sọ fún un, Màmá. Ẹ pè é lórúkọ. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ pè é lórúkọ.

MAGDALENE: Mò ń gbàdúrà fún ẹ.


12.

Bàbá Fádáre náà wá. Ó mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀.

FÁDÁRE: Ọma mi, ó ti pẹ́ tó o ti wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ta ló gbé òkú síbẹ̀?

ÀRÍKẸ́: Bàbá, bó bá jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ló sin ín ńkọ́?

FÁDÁRE: Màá sunkún. Ṣùgbọ́n á lọ. Ìdílé ò ní gbà fún mi.

Ó wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀. Bóyá ó mọ̀. Bóyá bí ojú àgbà ṣe ń wo ènìyàn ni. Ó dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì dúpẹ́ fún omi.


13.

Bí ó bá dákẹ́:
ilé rẹ̀ dúró,
kòkó rẹ̀ dúró,
ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Fádáre,
Gàzálì di baba Gbádéyan títí ayé.

Bí ó bá sọ̀rọ̀:
Bàbá Fádáre gba ilẹ̀ rẹ̀,
Gàzálì padà di Gàzálì,
òun náà di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù,
kò sì mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí.


14.

Ó gbàdúrà nílànà aláṣọ funfun. Ó gbàdúrà nílànà ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba kọ́ọ̀tù lọ.


15.

Pósí tuntun ni Kánsílọ̀ rà, ó ní ọwọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé e wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ ìdájọ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Egungun náà wà nínú àpò lórí tábìlì akọ̀wé. Àpò gaàrí ni. Inú bí Àríkẹ́ sí àpò yẹn ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ.

Láti inú ìwé kọ́ọ̀tù:

ADÁJỌ́: Kí a tó dá ẹjọ́, egungun yìí gbọ́dọ̀ padà sí ilẹ̀ lónìí. Èèyàn rẹ̀ ni yóò gbà á. Kí èèyàn rẹ̀ dìde.

(Ènìyàn méjì dìde.)

ADÁJỌ́: Kánsílọ̀, a mọ̀ yín. Ìwọ obìnrin yìí ńkọ́?

(Màmá Magdalene fa ìró Àríkẹ́ láti ẹ̀yìn. Àríkẹ́ kò jókòó.)

ADÁJỌ́: Obìnrin, mo bi ọ́. Kí ni òkú yìí jẹ́ sí ọ?

ÀRÍKẸ́: Ọkọ mi ni.