Ọsàn Lórí Ilẹ̀ Àtọrọ

Ẹ má bi mí bóyá inú ń bí mi. Gbogbo ìlú Ìjoùn ti bi mí, ó sì ti sú mi. Èmi Rọ́fíàt tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Nígbà tí mo jáde ní polí Ìlaró tí n kò ríṣẹ́, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan kóra jọ, a dá oko ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbọ́rọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ la fi ń ṣe ajílẹ̀, a kì í ra kẹ́míkà. À ń tà á ní Ayétòrò, nínú èrè rẹ̀ la sì ti ń se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Wọ́n ti ta ti bàbá wa ká tó gbọ́n. Bàbá Ọláoyè, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, ló yọ̀ǹda ibẹ̀ fún wa.

Kí n sọ òótọ́, nítorí Abdulfatah àbúrò mi ni mo ṣe dá oko náà sílẹ̀. Fàyàwọ́ ló ń ṣe. Ìrẹsì ló ń fi ọ̀kadà kó gba inú igbó wọlé láti òdìkejì bọ́dà. Ọ̀nà yẹn ló pa Husain ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà gbé e ṣubú, ẹrù wó lù ú, kí wọ́n tó gbé e délé, ó ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo fa Abdulfatah lọ́wọ́, mo ní, "Wá bá mi roko."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀fọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

Ṣùgbọ́n ó wá. Nígbà tó yá, ó ń jí ṣáájú mi. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀. Háà, inú mi dùn!

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo ti Ayétòrò dé, mo bá a tó ti gbin igi ọsàn yí gbogbo etí oko ká. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lọ síbì kankan mọ́. Èmi àtàwọn ọmọ mi la máa jẹ ọsàn yìí."

Ewu dé. Ẹni tó tọrọ ilẹ̀ lè gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ohun tí à ń kórè tá a sì ń kúrò. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi ló ń jẹ́rìí ẹni tó ni ilẹ̀. Bó o bá gbin ọsàn sórí ilẹ̀ onílẹ̀, o ti ní o fẹ́ gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kékeré wọ fàyàwọ́, ta ni yóò kọ́ ọ nírú èyí?

Bàbá Ọláoyè ti gbọ́. Wọ́n dé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. "A fi ọ́ jọba, o tún ń ṣàwúre. Ṣé o fẹ́ jẹ Ọlọ́run ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú wa, kò mọ̀ ni. Ó fẹ́ dúró sílé ni. Ẹ jẹ́ kí igi náà wà, kó jẹ́ tiyín."

"Lọ́la, ọmọ rẹ̀ yóò bá ọmọ mi ṣẹjọ́ lórí ẹ̀. Ẹ hú u. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kó ẹ̀fọ́ yín, kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ mi sílẹ̀."

Mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi fi há. Àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Abdulfatah ló gbé mi dìde. Ó hú àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bomi rin tẹ̀tẹ̀, ó fọ ọkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn rí i lẹ́yìn ọ̀kadà ẹlòmíì lójú ọ̀nà bọ́dà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbé fóònù mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò lè máa gbin ohun tí wọ́n máa ní kí n hú." Látìgbà náà, kò gbé e mọ́.

Lánàá, Bàbá Ọláoyè wá sóko, àwọn nìkan. Wọ́n ti bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ibì kan wà lẹ́bàá odò tí wọ́n máa fún Abdulfatah, kó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

"Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hú ohun tó gbìn, tí kò bú àgbà, ọmọ dáadáa ni. Pè é, kó wá gbin ọsàn rẹ̀."

Mò ń já tẹ̀tẹ̀. "Ó ti padà sídìí fàyàwọ́, Bàbá."

"Ránṣẹ́ sí i."

"Síbo?"

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dì í mú. Mo retí kí inú bí mi, tàbí kí ẹkún tiẹ̀ gbọ̀n mí. Kò sí ìkankan. Ẹ̀wà àwọn ọmọ iléèwé ti wà lórí iná, ẹ̀fọ́ tí mo já kò tíì tó.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹsẹ̀. Orí ẹ̀fọ́ lẹ dúró lé."