Mo Pọn Màmá Mi Mọ́ Ọmọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó parẹ́ lójú mi. Mo tún di abiyamọ, omi sì ń ya wọ ilé wa. Atukọ̀ kan ní ẹnì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ òun lè gbà nínú màmá mi arúgbó àti ọmọ mi jòjòló. Mo ní kó máa lọ. Mo pọn àwọn méjèèjì pọ̀, mo fi ọ̀já kan dì wọ́n pinpin. Màmá mi ń kì mí, “Àjọkẹ́ mi, rọra o,” bí wọ́n ṣe ń kì mí ni ẹsẹ̀ mi ń gùn sí i, títí omi náà kò fi ju ọrùn ẹsẹ̀ mi lọ.

Bí ọkọ̀ ṣe ń rì, atukọ̀ figbe ta: “Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọn èmi náà!”

Màmá mi sọ fún ọmọ mi pé, “Sún díẹ̀, jẹ́ kó wọlé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gun ẹ̀yìn mi, ni mo bá jí.