Èyí Tí Kò Korò

Wọ́n ní ọmọkùnrin náà sọ ọ́ kó tó kú, pé ẹ̀gbọ́n òun ló... Rárá, èmi gbọ́ pé ńṣe ló pa eyín pọ̀, ó ní kí wọ́n gbé oògùn yẹn kúrò, pé obìnrin náà fẹ́... Rọra, òun ló ń bọ̀ yẹn.

Ìyá Onígò wọ yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ń sọ̀rọ̀ náà sì yíjú sí iṣẹ́ wọn. Ó kí àwọn méjèèjì bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì lọ jókòó ti àwọn ìgò rẹ̀.

Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tó ti ń ṣe oògùn fún àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Nítorí àbúrò rẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ohùn ń bá sọ̀rọ̀ létí láìsí ẹnì kankan nítòsí. Ó po ogójì oògùn, kò sí èyí tó jẹ́. Ìkọkànlélógójì ló pa ohùn náà lẹ́nu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ti dá," ni àbúrò rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà, tó ń tọ́ka sí orí ara rẹ̀. "Gbogbo ayálégbé ti kó jáde. Ṣùgbọ́n oògùn yín korò bí ìyà. Ẹ ò lè fi ṣúgà díẹ̀ sí i ni?"

"Tí mo bá fi ṣúgà sí i, wàá máa fi jẹ búrẹ́dì."

Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, tí oògùn bá tutù nínú ìgò tán, Ìyá Onígò á fi ọ̀pá gíláàsì ha inú ìgò náà, kín-ín kín-ín, títí oògùn náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí á máa hù bí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín nínú omi. Ní ọdún kẹta, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a pé oògùn ti dì fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ha ìgò. Kò rí bí abẹ́rẹ́ mọ́. Ó rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn: oògùn kan náà ni, kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ kò hù mọ́. Bó bá ha ìgò títí, ìpẹ́ náà ni. Ó fọ yàrá, ó pààrọ̀ ìgò, pàbó. Àfi bí ẹni pé nǹkan kan ti wọ yàrá náà, tó ń rìn nínú eruku, tó ń sọ abẹ́rẹ́ di ìpẹ́.

Láàárín oṣù méjì, àwọn ayálégbé padà sórí àbúrò rẹ̀. Ó kọ oògùn, ó kọ oúnjẹ, òtútù àyà sì gbé e lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni Ìyá Onígò tó rí i pé ìpẹ́ náà kì í yọ́ bọ̀rọ̀ nínú omi. Bó ṣe wọ ara aláìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jáde láìṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá ti kan ara ìgò, ohùn àbúrò rẹ̀ ló ń gbọ́, ohun tí wọ́n ní ó sọ ló sì ń sọ. Ó ti pé ọdún kan tí ẹ̀rù ti ń bà á láti lọ béèrè ohun tó sọ gan-an.

Lọ́jọ́ tó bá àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀rọ̀ yẹn, ó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó gba ọsibítù lọ. Ó bá nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Mà, wọ́n ní àbúrò mi sọ pé mo fẹ́ pa òun."

"Àwọn ta ni wọ́n? Èmi ni mo mú ife omi dání lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló wà nínú ìwé?"

"'Ó kọ oògùn.' Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa nínú ìwé ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ ìyókù, ni mo bá fi sínú."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, Mà. Ẹ má fi oyin sí i."

Nọ́ọ̀sì náà gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ó ní: 'Ẹ gbé e kúrò, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Tiwọn máa ń korò tó bá ti kan ahọ́n. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń lo èyí, kò korò rí. Ẹ bá mi pè wọ́n wá. Tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọ́n á mọ̀.'"