Ẹsẹ Kẹta Tí Kò Fẹ́ Wá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Simeon Ilésanmí fi ń wá ohùn fún ẹsẹ kẹta, ẹsẹ náà kò sì yọjú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀; ohùn tí wọn yóò fi kọ ọ́ ni kò sí. Orin àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìjọ wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá ni. Ọjọ́bọ̀ nìyí, ọjọ́ Àìkú sì ni àjọ̀dún. Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, ti sọ ọ́ kedere: bí orin náà kò bá parí lónìí, òun yóò pe àwọn akọrin ìjọ kan láti Barùwá kí wọ́n wá kọ tiwọn.

Kì í ṣe pé Simeon kò mọ iṣẹ́ orin. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ó ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tó bá ti fi ojú mọmọ gbé búlọ́ọ̀kù ní Ìkòtún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún 1997, ó gbé orin àkọ́kọ́ tí ó kọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á dé ìlà kẹrin, ó fà á ya sí mẹ́rin níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún, ó ní, "Orin abúlé." Simeon ṣa ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Òjò ń rọ̀ nígbà tó ń rìn lọ sílé, kò sì ní owó ọkọ̀.

Láti ìgbà tó ti di olórí akọrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohùn tí kò bá sí nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdajì akọrin rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Èkìtì bíi tirẹ̀. Bí ẹnìkan nínú wọn bá gbé orin, ẹlòmíràn á gba abẹ́ rẹ̀ lọ, ohùn méjì á máa rìn pọ̀ bí ọmọ ìyá, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ìyẹn gan-an ni Simeon fi ọdún mẹ́sàn-án bá wí kúrò lẹ́nu wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó tún kọ dò-rè-mí mìíràn sára pátákó. Àwọn akọrin kọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Ó pa á rẹ́.

"Ìkejìlá nìyẹn," Fisáyọ̀ tó ń tẹ dùùrù wí.

"Ta ló ní kí o máa kà á?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìka mi ló ń kà á."

Bí Simeon ti kọjú sí pátákó, Mọ́mì Susanna, àgbà àwọn obìnrin akọrin, rọra gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ náà:

*Abẹ́ igi la ti bẹ̀rẹ̀,*
*Òjò pa wá, a ò sá.*

Tolúwalọpẹ́ tó jókòó tì í gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Simeon yí padà, ó fi ọwọ́ gbá pátákó.

"Ẹ dákẹ́! Ṣé mo ti fún yín lóhùn ni?"

"Ọ̀gá akọrin," Mọ́mì Susanna dáhùn, "orin tí ẹ ò tíì bí, ẹ ti ń nà án."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Fíkà yọ orí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá Simeon, ṣé kí n pe àwọn ará Barùwá?"

"Ẹ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú, sà."

Fíkà lọ. Simeon wo pátákó, kò rí ohun kan nínú orí ara rẹ̀ mọ́. Ó tán. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mọ́mì, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́ẹ̀kàn."

"Ẹ ò ní nà wá?"

"N ò ní nà yín, ẹ jàre."

Mọ́mì di ojú, ó gbé e. Ohùn àkọ́kọ́ ti lọ sílẹ̀ jù ní ti òfin Simeon. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti dá a dúró. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Tolúwalọpẹ́ wọlé. Àwọn ọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni kò pè, gba ìsàlẹ̀ mú: *a ò sá, a ò sá*. Mọ́mì fi ìlà kan kún un tí kò sí níbì kankan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ kí orin já.

Simeon gbọ́ ohùn kan tó wọ àárín wọn:

*Orí la fi ru iyanrìn,*
*Ẹ wá wo ilé.*

Òun ni. Kò mọ ibi tó ti wá. Kí ó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́, wọ́n ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti gbé e ga. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí i po, kò sí èyí tó bá ìkejì mu délẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì dára.

Nígbà tí orin náà rọlẹ̀, Fisáyọ̀ ní, "Sà, èwo ni kí n máa tẹ̀lé?"

"Tẹ̀lé Mọ́mì."

"Tí Mọ́mì bá yà ńkọ́?"

"Kí o yà pẹ̀lú wọn."

Fíkà wọlé, fóònù lọ́wọ́. "Mo ń gbọ́ yín láti ọ́fíìsì. Kí ni kí n wí fún àwọn ará Barùwá báyìí?"

"Ẹ ní kí wọ́n wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Àìkú, sà."

Simeon mí kanlẹ̀. Ó kọjá lọ sí ìlà àwọn ọkùnrin, wọ́n sún fún un. "Mọ́mì," ó ní, "ẹ gbé e."