Oògùn Sàárì

Ọkàn Zulaykha kì í gbélé. Bí olùkọ́ bá ń kọ ìṣirò sára pátákó, òun á ti bá àwọn àwòdì fò kọjá àdúgbò Tukur-Tukur, á máa wo páànù òrùlé Zaria tó ń dán yanran nísàlẹ̀. Oògùn tí dókítà ní kó máa lò láràárọ̀ ló ń fà á padà sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Hassanat ìyá rẹ̀ ní ọmọ tó ń loògùn kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sabon Gari ló ń gbà á, títí kan àwọn tí wọn kò tíì mọ imú fun. Ló bá fi oògùn pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lọ tu ú sí gọ́tà, ó sì kó oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ fún ewúrẹ́.

Lọ́sàn-án, bó ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀, àwòdì dé, ó bá wọn lọ. Atẹ́gùn tutù lókè, ariwo kẹ̀kẹ́ kò débẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn ṣìnkìn. Ìgbà tó máa padà wálẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá píọ́wọ́tà òfìfo lọ́wọ́. Òun ló mu ún tán.

Ó sunkún délé. Ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Zulaykha jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Haba, Zulaykha, má sunkún mọ́. Ẹni tó gbàgbé tó mumi, Ọlọ́run ló fún un mu. Ààwẹ̀ rẹ kò bàjẹ́." Ìyá àgbà ṣa òkúta kan dànù. "Oògùn tó o tu sí gọ́tà ńkọ́? Ṣé o gbàgbé ìyẹn náà ni?"

Ojú tì í. Kò gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà sọ ọ́ fún Hassanat, Hassanat sì tẹ dókítà láago. Dókítà ní bí ọmọ náà bá ti lè jẹun yó ní sàárì, kó lo oògùn náà nígbà náà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ mì, Zulaykha gbé tirẹ̀ mì. Ó tún la ẹnu kí wọ́n wò ó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kó là á.

Lọ́sàn-án, níbi kan náà, eyín rẹ̀ ti mú etí ọ̀rá omi kó tó rántí. Ó dúró. Àwòdì kan ń yí po lókè, kò pè é. Ó dùn ún díẹ̀. Ó ti omi náà bọ inú báàgì.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí ládàánì pèrun, ó yọ omi náà jáde, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ fún. Ìyá àgbà mu díẹ̀, ó dá ìyókù padà fún un.

"Gbà, mu tìẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá mọ ìgbà tó o mu ún."