Ibi Ìjókòó Lójú Ọ̀nà Òkè

Òkè kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, òkè tí a fi ọdún mẹ́tàlá sọ pé a máa lọ gùn. Oníbàárà kan ló fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Bàtà ọkùnrin náà ti ya, bàbá mi bá a rán an, ó wọ̀ ọ́ gun òkè náà débi tó fẹ́ dé, bàtà ò sì já, ló bá fi àwòrán dúpẹ́. Adágún omi kan tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀, igi yí i ká, òkúta pẹrẹsẹ kan sì wà lókè téńté. Màmá mi fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ẹ̀rọ ìránbàtà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó lórí òkúta yẹn lọ́jọ́ kan, kí àwọn mu tíì gbígbóná, kí àwọn máa wo omi, kí ẹnikẹ́ni má sì pe àwọn. Èmi ò gbọ́ kí wọ́n tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá mi á ní, "Ìyàwó, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ìyàwó ni bàbá mi ṣì ń pè wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọdún tó ń bọ̀ á dé, bàtà oníbàtà á kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọn á tún sún un síwájú. Màmá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á nu eruku ojú àwòrán náà.

Lọ́dún yìí ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, Tíṣà náà sì ni bàbá mi ń pè mí, torí wọ́n ní mo máa ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kẹta wí. Wọn ò parọ́. Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo pe àwọn méjèèjì sídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo sì ka ètò sí wọn létí. Ọjọ́ mẹ́rin. Bọ́ọ̀sì aago méje àárọ̀. Yàrá méjì nílé obìnrin kan tó ń gba àlejò létí adágún, mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ kejì la máa gun òkè, wákàtí méjì àti ààbọ̀ láti ẹnu géètì onígi dé orí òkúta. Mo ti kọ ẹ̀wù òjò, fìlà àti fíláàsì tíì sílẹ̀.

"Ṣé ibi ìjókòó wà lójú ọ̀nà?" Màmá mi ló béèrè.

Mo ní mi ò mọ̀.

Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n tún béèrè. "Ọ̀nà yẹn, ṣé èèyàn lè ríbi jókòó díẹ̀?"

"Màmá, òkè là ń lọ o, kì í ṣe báńkì."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń béèrè ni, Tíṣà. Má nà mí."

Wọ́n dìde lọ gbé omi tíì kaná, wọ́n sì di ara ilẹ̀kùn mú fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé ìdáná. Mo rí i. Mo rò pé wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n fẹ́ mú ni. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá pe obìnrin tó ń gba àlejò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá dáhùn. Mi ò pè é.

Ká sòótọ́, a ti ń rí nǹkan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí màmá mi ti ń wọ sílípáàsì bàbá mi kiri ilé, a sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi á ní, "Ìyàwó oníbàtà ló tún ń jí bàtà." Màmá mi á ní, "Ẹni tó bá mú ti ọkọ ẹ̀, olè ni?" Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Wọn kì í rán bàtà tuntun fún ẹnikẹ́ni láìtún ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n, ì báà jẹ́ oṣù tó kọjá ló wá gbẹ̀yìn. Wọn á tẹ́ bébà sílẹ̀, wọn á fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ náà ká, wọn á ní, "Ẹsẹ̀ kì í ṣe òkúta. Ó máa ń yí padà, ẹni tó ni ín ò sì ní mọ̀." Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lórí pákó tó ga jù ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹsẹ̀ onígi méjì wà níbẹ̀ tí bàbá mi gbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ màmá mi. Ẹsẹ̀ màmá mi ni, ìka dé ìka, orí ẹ̀ ni wọ́n sì ti rán gbogbo bàtà tí màmá mi wọ̀ látìgbà náà. Tí mo bá ní kí wọ́n tún un wọ̀n, wọn á wò mí bí ẹni tó bú wọn. "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mi ò ní mọ̀?"

Orí ẹsẹ̀ onígi yẹn náà ni wọ́n rán bàtà òkè lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rán an, wọn ò jẹ́ kí màmá mi gbọ́. Awọ rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀, ó rọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, okùn rẹ̀ sì pupa. Wọ́n ti iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ, wọ́n gbé e wálé ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó mà dára o," màmá mi ní. Wọ́n gbé e sí àyà bí ẹni gbọ́mọ. "Màá wọ̀ ọ́ lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀? Wọ̀ ọ́ báyìí, kí n rí i."

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Tíṣà."

Bàbá mi ti kúnlẹ̀ ní tiwọn, bí wọ́n ṣe máa ń kúnlẹ̀ níwájú oníbàárà. Wọ́n bọ́ sílípáàsì lẹ́sẹ̀ màmá mi, wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ kúrò. Bàtà ò wọlé. Wọ́n tú okùn sílẹ̀ pátápátá, wọ́n tún gbìyànjú, kò wọlé. Ẹ̀fẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Bàbá mi wá fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń tẹ awọ wò, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ojú àtàǹpàkò sì jìn síbẹ̀. Kò kún padà. Gbogbo wa ń wò ó.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Ṣé o ti rí dókítà?"

"Mo ti rí i. Ó ní ọkàn mi ni, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ, ẹ máa ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò sì ní ọdún tó ń bọ̀ nílẹ̀ mọ́, Bàbá Tíṣà. Mo ní kí n kọ́kọ́ gun òkè yẹn ná."

Bàbá mi gbé orí lé orúnkún màmá mi, wọ́n sì sunkún. Ojú tì mí débi pé ẹkún ò jáde lójú tèmi. Ọ̀rọ̀ báńkì tí mo sọ ló ń dún létí mi.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn dá màmá mi dúró. Mo fẹ́ fagi lé yàrá etí adágún, màmá mi ò gbà. Wọ́n ní kí n sún un síwájú ni. Bàbá mi gbé bébà àti pẹ́ńsùlù wá sídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì yí ẹsẹ̀ ìyàwó wọn ká, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n lọ gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi tuntun. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán, ẹsẹ̀ ti wú kọjá rẹ̀. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Dókítà Bàtà.

"Ẹ fi sílẹ̀," màmá mi ní. "Ẹsẹ̀ yìí ò ní dúró dè yín."

"Kó máa sáré. Èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà pààrọ̀ oògùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára, wíwú ẹsẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Inú wa dùn. Inú dókítà ò dùn. Ó pè mí síta, ó ní omi ló ń lọ, ọkàn ò padà bọ̀ sípò. Mi ò sọ fún bàbá mi. Wọ́n ti tẹ́ bébà karùn-ún, wọ́n wo ilà pẹ́ńsùlù náà títí, wọ́n dìde, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n sì gbé bàtà àkọ́kọ́ dé.

Ó wọlé wẹ́rẹ́.

"Ṣé mo sọ?" bàbá mi ní. "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mi ò ní mọ̀?"

Màmá mi ní kí wọ́n so okùn ẹ̀ le dáadáa, torí òkè ga. Wọ́n mu tíì díẹ̀ nínú fíláàsì tí mo ti kọ sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó rí bàtà òkè lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Lọ́jọ́ kẹta, láàárọ̀, màmá mi kú. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà náà. Òun la fi sin wọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, èmi àti bàbá mi wọ bọ́ọ̀sì aago méje, torí màmá mi ní ká má fagi lé e. Lọ́jọ́ kejì, a gba ẹnu géètì onígi wọlé. A ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi. Mo kọjá lára ẹ̀, mo gbójú sá. Òmíràn tún wà níwájú. Nígbà tí a dé ìdí ìkẹta, mo dúró. Ọkùnrin kan ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, mo bi í pé mélòó ló wà.

"Mẹ́rìnlá, títí dókè," ó ní. "Àwọn arúgbó ló ń gba ibí jù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń gùn ún, ẹlòmíì á lo odindi ọjọ́ kan."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún tí mi ò rí sun látọjọ́ yìí. Bàbá mi béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni màmá béèrè pé ṣé ibi ìjókòó wà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mi ò wádìí fún wọn.

Bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀.

"A ti fo méjì," wọ́n ní.

Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, mo sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé ìdí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lábẹ́ igi, bàbá mi jókòó sí ìpẹ̀kun kan, wọ́n ní kí n jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, kí n fi àárín sílẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," wọ́n ní. "Jẹ́ kí ìyàwó mi sinmi."

A jókòó síbẹ̀ pẹ́, ká tó gbéra lọ sídìí ìkejì.