Ìwé tí Ìyá Nọ́ọ̀sì Bá Dá Padà

Mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ká sì má purọ́ mọ́ ọn, kò fẹ́ràn ìwé. Ohun tó ń gbé e lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, opó kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó bàbá ti kú. Ilé pa rọ́rọ́ débi pé fìríìjì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀, obìnrin yìí ló sì wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ìwé mẹ́rin padà lọ́sẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ bá a sọ?

Ó bẹ ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé pé kó sọ irú ìwé tí ìyá fẹ́ràn fún òun.

Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ má bínú, bàbá, a kì í sọ ohun tẹ́nìkan ń kà fún ẹlòmíì. Ṣé kí n bá yín wá èyí tó máa bá yín lára mu?”

Bàbá ní kó má ṣèyọnu. Ojú òun kúkú ríran. Orí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kó ìwé tí wọ́n bá dá padà sí. Bí ìyá bá ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ báyìí, bàbá á ti yọ́ débẹ̀, á mú èyí tó wà lókè.

Ìwé ehoro sísìn ló kọ́kọ́ mú. Ó kà á tán pátá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó pàdé ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ pé oṣù kan péré ni ehoro fi ń lóyún?”

Ìyá wò ó títí. Ó ní, “Ẹ kú ìwádìí, bàbá,” ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìwé òfin ojú pópó ló tẹ̀ lé e, ti àwọn tó fẹ́ gba láísẹ́ńsì. Inú bàbá dùn, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pàdé, ó gba ìyá nímọ̀ràn pé kó má ra mọ́tò tó ń mu epo jù. Ìyá ní ta ló sọ pé òun fẹ́ ra mọ́tò.

Ìwé kẹta wá ńkọ́? Ìwé aboyún ni. Ìyá ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin! Síbẹ̀ ó kà á, ẹ gbà mí, ó ka orí tó dá lórí ẹsẹ̀ wíwú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìwé orí tábìlì ni ìyá yọ sí i lẹ́yìn.

“Bàbá Mẹkáníìkì, ta lẹ̀ ń gbé ìwé lọ fún?”

“Kí n gbé e fún ta ni?”

“Èmi, àwọn tí ò lè jáde nílé ni mò ń gbé e fún. Bàbá kan tó ń sin ehoro, tí orúnkún ń dùn ún. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Aboyún tí dókítà ní kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i pé ẹ máa ń gbé èyí tí mo bá dá padà, mo ní ẹ̀yin náà ní àwọn tiyín. Mo ti ń yìn yín kiri àdúgbò.”

Irọ́ ti dé ẹnu bàbá, irọ́ tó dùn. Ṣùgbọ́n tó bá pa á, á di dandan kó máa wá aláìsàn kiri. Ojú tì í, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Èmi ni mò ń kà á. Mo rò pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn nìyẹn. Mo fẹ́ rí nǹkan bá yín sọ ni.”

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù.

“Ẹ ka ti aboyún náà?” ni ìyá bi í.

“Mo kà á tán.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn fi gbójú sókè. Ó nu ojú, ó na báàgì ìwé sí i. “Bàbá eléhoro ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. Ẹ gbé e, ká lọ.”

Lójú ọ̀nà, bàbá béèrè irú ìwé tí ìyá fúnra rẹ̀ fẹ́ràn.

“Èmi? Bí mo bá ka ojú ewé méjì, oorun ti gbé mi lọ nìyẹn.”

“Kí lẹ wá ń gbé wọn kiri fún?”

“Tí mo bá ti gbé ìwé dé, wọ́n á ní kí n jókòó.”

Wọ́n dé ilé bàbá eléhoro, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó o. Wọ́n jókòó títí onílé fi bi wọ́n pé ṣé wọn ò nílé ni.